Ọmọ Mi Kì Í Gbóhùn Sókè Tí Wọ́n Bá Ń Kọrin Ìgbà Ìrúwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Saitama ní ilẹ̀ Japan ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Oṣù Kẹrin yìí ni ọmọbìnrin wa wọ kíláàsì kejì nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé tí wọ́n bá ń kọ orin ìgbà ìrúwé, ó kàn ń mi ètè ni, ohùn kì í jáde. Èmi náà ò mọ orin ọ̀hún, mi ò sì lè ka ìwé wọn. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́? Ṣé kí n túmọ̀ rẹ̀, ká máa fi Yorùbá kọ ọ́ nílé? Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé orin òrìṣà àwọn ará ibẹ̀ ni. Ìyá Tamílọ́rẹ.

Ìdáhùn: Ìyá Tamílọ́rẹ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, nítorí ohun tó ń ṣe yín yìí ti ṣe èmi náà rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ìlú Kawasaki, ní Japan níbẹ̀ náà. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní kíláàsì kejì, wọ́n pe àwa òbí wá wo bí àwọn ọmọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tẹ dùùrù, àwọn ọmọ dìde, orin sọ. Tèmi dúró láàárín wọn bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Nígbà tí à ń lọ sílé, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Mọ́mì, mo mọ ohùn ẹ̀, mi ò kàn mọ ohun tí mò ń sọ ni.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí mo ti ń pè é lójo nínú ọkàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìtumọ̀ orin ni kò yé e.

“Haru ga kita” ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Japan ti yan orin 4 fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, 24 fún kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, orin yìí sì wà nínú mẹ́rin ti kíláàsì kejì. Láti ọdún 1910 ló ti wà nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí:

Haru ga kita, haru ga kita, doko ni kita?
Yama ni kita, sato ni kita, no ni mo kita.

Ìgbà ìrúwé dé, ìgbà ìrúwé dé, ibo ló dé sí? Ó dé sórí òkè, ó dé sí abúlé, ó dé sí pápá pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ní ẹsẹ̀ kejì, ẹ fi “hana ga saku” rọ́pò, òdòdó ń tanná. Ní ẹ̀kẹta, “tori ga naku”, ẹyẹ ń ké. Òkè, abúlé àti pápá náà ló ṣì ni ìdáhùn. Ibi kan ṣoṣo tó máa ń tàn wá jẹ ni pé “ni” inú ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ di “de” ní ẹsẹ̀ kẹta: doko de naku? Yama de naku.

Ẹ̀yin náà á ti rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gba lílé àti ègbè. Nígbà tí ẹ bá ń dirun fún un, ẹ̀yin ẹ bi í pé “doko ni kita?” kó máa dá yín lóhùn. Èmi ò fi ìwé kọ́ ọmọ mi rárá, ìbéèrè yẹn ni mo ń bi í nídìí ìfọ̀bọ́ àti lójú ọ̀nà, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi èmi náà padà.

Ẹ má bẹ̀rù èdè wọn. Fáwẹ̀lì márùn-ún ni wọ́n ní, a, i, u, e, o, gbogbo rẹ̀ ló sì wà lẹ́nu wa. Wọn kì í sábà to kọ́ńsónáǹtì jọ, àwa náà kì í tò ó. Imú nìkan ni kí ẹ ṣọ́. Àwa tí a bá rí “na”, imú la fi ń pè é, ṣùgbọ́n “a” inú “hana” tiwọn, ẹnu ló ń gbà jáde.

Ní ti ká fi Yorùbá kọ ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un ní Yorùbá, kó yé e yékéyéké, kí ẹ wá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ohùn orin yẹn kò mọ ohùn ọ̀rọ̀ wa. Tó bá gbé “ìgbà” sókè níbi tí kò yẹ, ó di igbá, ọmọ á wá máa kọrin pé igbá dé sórí òkè. Àwa tí a dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ bó ṣe máa ń rí, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dojú rú nínú àwọn orin tí wọ́n fi Yorùbá há sínú ohùn òyìnbó. Orin òṣùpá tiwa, ẹ kọ́ ọ ní ohùn tiwa, lálẹ́. Àyè wà fún méjèèjì lórí ọmọ ọdún méje.

Ẹ bá mi kí màmá. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí àdúrà sí òrìṣà kankan nínú orin yìí. Takano Tatsuyuki ni wọ́n gbà pé ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Okano Teiichi ló ṣe ohùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìjọba ìgbà náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Okano yìí, onígbàgbọ́ ni. Tottori ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ní Tokyo, nǹkan bí ọdún 40 ló fi tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Hongō. Ó dá mi lójú pé inú màmá á dùn láti gbọ́ èyí.

Orin tí èmi fẹ́ràn jù, ọdún tó ń bọ̀ ni Tamílọ́rẹ máa bá a pàdé, ní kíláàsì kẹta. “Haru no ogawa” ni, odò kékeré ìgbà ìrúwé, ti ọdún 1912. Takano àti Okano náà ni wọ́n ní ó ṣe é. Omi ń ṣàn sarasara, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí àwọn òdòdó etí bèbè pé kí wọ́n tanná. Wọ́n ní odò Kohone ní Yoyogi, ní Tokyo, lorin náà ń sọ. Nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1964 ni wọ́n bo odò náà mọ́lẹ̀. Mo mú ọmọ mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Òkúta ìrántí orin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Mọ́mì, odò ọ̀hún dà?” Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ hàn án. Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó fi etí lé ọ̀dà láti gbọ́ sarasara. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọrin sókè.

Tí ẹ bá gbọ́ tí arúgbó kan kọ “Haru no ogawa” yìí ní “sarasara nagaru”, ó ń ṣàn, tí ọmọ kọ ọ́ ní “sarasara iku yo”, ó ń lọ, kò sí èyí tó ṣì í kọ nínú wọn. Ọdún 1942 ni wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, kó lè rọ àwọn ọmọdé lọ́rùn. Ìyá arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ló là á yé mi.

“Sakura sakura” lẹ̀ ń gbọ́ níbi gbogbo nígbà tí òdòdó ṣẹ́rì bá tanná, ṣùgbọ́n ti kíláàsì kẹrin ni. Ohùn márùn-ún péré ló ní, ó sì ń ba ni nínú jẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un lóṣù Karùn-ún ni “Chatsumi”, orin àwọn tó ń já ewé tíì. Ó ń sọ nípa òru kejìdínláàádọ́rùn-ún, tí a bá kà á láti ọjọ́ tí ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún. Saitama tí ẹ wà gan-an ni wọ́n ti ń gbin tíì Sayama, nítorí náà ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí apá Iruma, kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí oko náà. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ní méjì-méjì. Kó pa àtẹ́wọ́ tirẹ̀, kó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ọ̀tún yín. Kó tún pa tirẹ̀, kó fi òsì kan òsì. Níbi tí orin bá ti sinmi díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ara yín lẹ́ẹ̀mejì. Tí ọwọ́ bá ro yín, ẹ pe màmá wá jókòó síwájú rẹ̀.