Ẹ Bi Wá: Fóònù Tó Ń Sọ Ibi Tí Ẹ Wà Láìgbàṣẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ọ̀kun o, olóòtú. Mo ti pa "Location" lórí fóònù mi, mi ò sì fún áàpù kankan láyè láti mọ ibi tí mo wà. Síbẹ̀, áàpù tọ́ọ̀ṣì kan ń gbé ìpolówó tó dárúkọ Ìsánlú gan-an wá síwájú mi. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Android fúnra rẹ̀ ló ní ihò. Ṣé òótọ́ ni? Tòkunbọ̀ ni fóònù náà, Android 8.1 ló wà lórí rẹ̀.
Olùkọ́ kan, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o. Ọmọ yẹn ò parọ́. Àmọ́ kí ẹ tó dá Android lẹ́bi, ẹ dán nǹkan kan wò ná. Ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ lo dátà SIM yín nìkan fún ọjọ́ kan. Dátà SIM sábà máa ń gba ìlú ńlá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹni tó bá fi nọ́ńbà IP (nọ́ńbà tí fóònù yín ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wá yín, Èkó tàbí Àbújá ló máa rí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìpolówó bá di ti Èkó nígbà tí ẹ wà lórí dátà, tó tún di ti Ìsánlú nígbà tí ẹ so mọ́ Wi-Fi iléèwé, Wi-Fi yẹn ló ń tú yín síta.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Gbogbo rọ́tà Wi-Fi ló ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní BSSID, àmì méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà, bíi 02:1a:4c:7e:90:b3. Tọ̀sán-tòru ni àwọn fóònù tó ń kọjá lójú títì ń gbọ́ nọ́ńbà wọ̀nyí, wọ́n á kọ ọ́ mọ́ ibi tí GPS sọ pé àwọn wà, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí Google àti àwọn mìíràn tó ń ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ìkànnì WiGLE wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí láti 2001, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo tirẹ̀. Rọ́tà iléèwé kì í kúrò lójú kan. Ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ ọgbà tí ẹ wà, kò nílò GPS mọ́.

Àwọn tó ṣe Android mọ èyí, wọ́n sì ti ń fi ọ̀rọ̀ Wi-Fi sábẹ́ àyè "Location". Ibi tí wọ́n ti gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ni pé, nígbàkígbà tí fóònù bá so mọ́ Wi-Fi, Android máa ń kéde rẹ̀ fún gbogbo áàpù inú fóònù, bí akéde tó ń lu agogo yí ìlú ká, tí kò yan ẹni tó máa gbọ́. Orúkọ Wi-Fi wà nínú ìkéde náà, BSSID wà níbẹ̀, IP wà níbẹ̀, títí kan nọ́ńbà MAC, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ Wi-Fi fóònù yín fúnra rẹ̀. Áàpù tọ́ọ̀ṣì kàn tẹ́tí sílẹ̀ ni. Kò béèrè àyè, nǹkan kan ò sì hàn lójú fóònù. Àwọn olùṣèwádìí ààbò tí wọ́n ń pè ní Nightwatch Cybersecurity ló tú u síta lóṣù kẹjọ 2018, CVE-2018-9489 sì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Google dí i nínú Android 9, wọ́n sì ní àwọn ò ní dí i nínú àwọn tó wà ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, iye àpúdéètì ààbò yòówù kí Android 8.1 yín gbà, ihò yìí ṣì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ohun tí ẹnì kan kàn rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ní 2016, ilé iṣẹ́ ìpolówó InMobi gbà láti san 950,000 dọ́là nígbà tí àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kàn án pé nọ́ńbà Wi-Fi ló fi ń mọ ibi tí àwọn èèyàn wà, títí kan àwọn tó ti kọ̀ láti fún un láyè. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Ẹ lọ sí Settings, About phone, Android version. Bó bá jẹ́ 9 sókè, ẹ ti bọ́ nínú eléyìí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀: àwọn ayédèrú kan wà tí wọ́n ti yí nọ́ńbà ojú wọn padà, 13 lẹ máa rí, 8.1 ló wà nínú. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà léraléra kíákíá. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àwòrán kan á yọ. Android 9 á gbé lẹ́tà P tó ní àwọ̀ mèremère jáde. Bó bá jẹ́ bisikíìtì róbótó ni, ẹ tẹ ìyẹn náà léraléra, kí ẹ wá di ìka mọ́ ọn. Bí ẹranko inú omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ bá jáde, Android 8 nìyẹn, ohun yòówù tí páálí fóònù ìbáà kọ.

Bí owó fóònù tuntun ò bá tíì sí, ẹ yọ áàpù tọ́ọ̀ṣì yẹn kúrò (tọ́ọ̀ṣì ti wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀ láti òkè), kí ẹ sì yọ gbogbo èyí tí ẹ ò lò mọ́ oṣù mẹ́ta. Áàpù tí kò sí lórí fóònù kò lè gbọ́ ìkéde. Ẹ máa pa Wi-Fi bí ẹ bá ti lò ó tán. MiFi tí ẹ ń gbé kiri sàn ju rọ́tà iléèwé lọ níhìn-ín, torí ibi tó bá wà lónìí lè má jẹ́ ibi tó máa wà lọ́la.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta fóònù ní Kábbà. Àwọn oníbàárà ń kọ áàpù ìfiránṣẹ́ Xender nítorí pé ó ń béèrè "Location" kí ó tó fi fíìmù ránṣẹ́. Ṣé olè ni?

ÌDÁHÙN: Bíbéèrè yẹn nìkan kò sọ ọ́ di olè. Láti Android 6 títí dé 12, áàpù tó bá fẹ́ fi Wi-Fi wá fóònù tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ gba àyè "Location", nítorí ohun tí a sọ lókè yìí: ẹni tó rí Wi-Fi rí àdírẹ́sì. Android 13 ló ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ lábẹ́ "Nearby devices".

Ẹ sọ fún oníbàárà pé kí ó yan "Only this time" (ó wà láti Android 11). Lórí Android 12, kí ó fi í sí "Precise". Bó bá yan "Approximate", áàpù ò ní rí fóònù kejì, á kàn máa yí ṣáá, wọ́n á sì gbé e wá bá yín pé Wi-Fi fóònù ti bàjẹ́. Kí "Location" fúnra rẹ̀ wà ní títàn títí fíìmù á fi lọ tán. Lórí fóònù tí kò ní "Only this time", kí wọ́n gba àyè náà padà lẹ́yìn iṣẹ́: ẹ di ìka mọ́ àwòrán áàpù, App info, Permissions, Location, Deny. Áàpù ìfiránṣẹ́ tó bá ní dandan "Allow all the time" ni kí ẹ fura sí.

ÌBÉÈRÈ: Ilé ìtura kékeré ni mo ní ní Ẹ̀gbẹ̀. Ṣé mo lè yọ rọ́tà mi kúrò nínú àkọsílẹ̀ àwọn Google?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe. Ẹ fi _nomap sí ìparí orúkọ Wi-Fi yín, kó má lé ní lẹ́tà 32 lápapọ̀. Ẹ ṣí bùráúsà, ẹ tẹ 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1 (ó wà lára rọ́tà), ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SSID (orúkọ Wi-Fi) sí. Gbogbo fóònù àti láptọ́ọ̀pù á já, orúkọ tuntun ni wọ́n á tún so mọ́, nítorí náà ẹ má ṣe é nígbà tí àlejò pọ̀. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, tí páwọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì jẹ́ "admin", ẹ yí ìyẹn náà padà.

ÌBÉÈRÈ: Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ńkọ́? Windows 10 ni tèmi, mo sì ti pa "Location".
Akọ̀wé kan, Ìyàrá

ÌDÁHÙN: Bọ́tìnì yẹn lágbára lórí àwọn áàpù tó wá láti Microsoft Store. Èyí tí ẹ fi fláàṣì gbé wọlé, tí ẹ fi setup.exe sí i, kò fi dandan tẹ̀ lé e: lórí Windows 10 ó lè ka BSSID gbogbo rọ́tà tó wà nítòsí láìbi yín. Windows 11 24H2 ni Microsoft tó fi èyí sábẹ́ àyè "Location". Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ winver, ẹ ó rí èyí tí ẹ ń lò. Ẹ tún lè ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ netsh wlan show interfaces: ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BSSID ni nọ́ńbà tí à ń wí. Bí láptọ́ọ̀pù Windows 10 bá gbé e jáde bí ẹ ṣe pa "Location" tó yẹn, ẹ ti fojú ara yín rí i.

Microsoft dáwọ́ àpúdéètì ọ̀fẹ́ gbogbogbòò dúró fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Bí láptọ́ọ̀pù bá lè gbé 11, ẹ gbé e lọ. Bí kò bá lè gbé e, ẹ fi wáyà so ó mọ́ rọ́tà, kí ẹ sì pa Wi-Fi rẹ̀. Wáyà nìkan kò tó; bí Wi-Fi bá ṣì wà ní títàn, ó ń gbọ́ àwọn rọ́tà aládùúgbò.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ní kí n yé fi fọ́tò oko ránṣẹ́ nítorí àwọn ajínigbé. Ṣé fọ́tò ń sọ ibi tí mo wà ni?
Ìyá kan, Mòpà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko, mà. Bí kámẹ́rà bá ń kọ GPS sínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́tò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò kò ní gbé e lọ. Èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí "Document" á gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, àwọn ajínigbé ò nílò ihò Android: ẹni tó kọ "mo wà lóko, ó di ìrọ̀lẹ́" sórí Status ti ṣe iṣẹ́ náà fún wọn. Ẹ dúró títí ẹ ó fi délé kí ẹ tó gbé e síta.

Lórí fóònù tó wà ṣáájú Android 10, áàpù tó bá gba àyè láti wo fọ́tò yín ń rí GPS inú gbogbo wọn, ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pẹ̀lú. Kí ọmọ yín ṣí kámẹ́rà, kó tẹ Settings, kó pa "Location tags" tàbí "Save location". Àwọn fọ́tò tuntun nìkan ni èyí dáàbò bò. Ti àtijọ́ ṣì gbé GPS wọn dání, nítorí náà kó tún lọ wo Permissions, kó sì gba àyè "Storage" lọ́wọ́ àwọn áàpù tí kò nídìí láti rí fọ́tò yín.