Ìyá Ìbejì, ẹni tó máa jókòó síwájú yín ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ilé iṣẹ́ rẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé o, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kékeré kan wà nítòsí yín ní Houston, àwọn márùn-ún ló wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹpẹtẹ ló sì tẹ̀ lé orúkọ wọn. Ẹ ò mọ èwo nínú wọn ni kí ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì tó ń wa tírélà lọ Louisiana gbé ìjà tí kò tán nílé lọ bá. Ẹ tún béèrè bóyá ó pọn dandan kó jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ibi yìí gan-an ni ojú mi ti rí màbo, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ilé iṣẹ́ kọ́ ló ń gba láísẹ́ǹsì, ènìyàn ni. Àwọn márààrún lè jọ máa lo yàrá kan náà àti akọ̀wé kan náà, kí ohun tí òfin gbà fún ẹnì kìíní má sì jẹ́ ohun tó gbà fún ẹnì kejì.

Ohun tí lẹ́tà wọ̀nyẹn túmọ̀ sí rèé. LPC ni agbaninímọ̀ràn tó ti gba láísẹ́ǹsì tán. Ó ti gba oyè másítà, ó ti yege ìdánwò, ó sì ti ṣe wákàtí 3,000 lábẹ́ ọ̀gá, tí 1,500 nínú rẹ̀ jẹ́ ìjókòó pẹ̀lú àwọn tó wá gba ìtọ́jú. LPC Associate ṣì ń ka wákàtí yẹn lọ́wọ́. LMFT ni ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá lé ọ̀rọ̀ tọkọtaya àti ẹbí láti ìbẹ̀rẹ̀. LCSW gba ọ̀nà iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ará ìlú wá, òun náà ṣe wákàtí 3,000 lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì LMSW. LMSW, tí kò ní C yẹn, kò tíì dé ibẹ̀. PhD tàbí PsyD tó ní láísẹ́ǹsì onímọ̀ ọpọlọ (psychologist) lè ṣe àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ fún ènìyàn, àmọ́ PhD nìkan kò sọ nǹkan kan fún yín, ó lè jẹ́ ti ìmọ̀ Bíbélì. Dókítà ọpọlọ (psychiatrist) àti PMHNP, ìyẹn nọ́ọ̀sì ọpọlọ, ló ń kọ oògùn. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní coach kò ní láísẹ́ǹsì kankan tí ẹ lè fi mú un lọ́dọ̀ ìjọba bó bá ṣe yín níbi.

Lórí ọ̀rọ̀ tiyín, LMFT ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí, LPC tàbí LCSW tó kọ́ iṣẹ́ tọkọtaya ní àkọ́kún. Ẹ bi í léèrè ibi tó kọ́ ọ dé. Ẹ̀kọ́ Gottman, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń tọ́jú tọkọtaya, ní ìpele 1, 2 àti 3 kí ènìyàn tó lọ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ọjọ́ méjì péré sì ni ìpele 1. Ẹni tó ṣe ọjọ́ méjì àti ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí, àwọn méjèèjì lè kọ orúkọ Gottman sábẹ́ àwòrán wọn. EMDR tí ẹ rí lára ẹnì kan níbẹ̀ jẹ́ irú ìtọ́jú kan tó dára fún ẹni tí ìbẹ̀rù ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí i kò tíì fi sílẹ̀. Kì í ṣe oògùn ìjà tọkọtaya. Bí ẹ bá rí ẹni tó to iṣẹ́ ogún sílẹ̀ pé òun mọ gbogbo rẹ̀, látorí ọmọdé títí dé ọtí àmupara, ẹ bi í pé tọkọtaya mélòó ló ń rí lọ́sẹ̀.

Ẹ yẹ láísẹ́ǹsì wọn wò lórí ìkànnì BHEC, àjọ ìjọba Texas tó ń bójú tó LPC, LMFT, àwọn social worker àti onímọ̀ ọpọlọ láti ọdún 2020. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ, ó tán. Ti dókítà wà lọ́dọ̀ Texas Medical Board, ti nọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ Board of Nursing.

Ní ti Associate, òfin Texas ní kó kọ orúkọ ọ̀gá tó ń bójú tó o síbi tó bá ti ń polówó ara rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí orúkọ ọ̀gá níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Èmi ò sọ pé Associate kò dáa o. Owó wọn sábà máa ń kéré, ọgbọ́n ọ̀gá sì wà lẹ́yìn wọn. Ibi tí wọ́n bá ti fi í pamọ́ fún yín ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, inṣọ́ráǹsì ló sì máa ń tú u.

Ọ̀pọ̀ inṣọ́ráǹsì kì í sanwó fún Associate. Ẹ ó pe ilé iṣẹ́ náà, akọ̀wé á ní, "A ń gba inṣọ́ráǹsì yín." Kò purọ́. Ọ̀gá àti ẹnì kan péré ni inṣọ́ráǹsì mọ̀, àwọn mẹ́ta tó kù kò sí lórúkọ lọ́dọ̀ wọn. Akọ̀wé kò ní sọ ìyẹn, torí ẹ ò bi í. Ẹ ó máa bá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ó máa san 30 dọ́là lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn yín á balẹ̀, títí ìwé gbèsè á fi wọlé ní oṣù kẹta. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ á ní kí ẹ lọ bá inṣọ́ráǹsì, inṣọ́ráǹsì á ní kí ẹ lọ bá ilé iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ó sì máa gbọ́ orin lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 50 níbi iṣẹ́ yín. Ó ń bí mi nínú títí di òní, torí àwọn méjèèjì mọ ìdáhùn náà kí ẹ tó jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ìwé EOB tí inṣọ́ráǹsì máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìjókòó, ẹ má jù ú sínú dúrọ́ọ̀ nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kì í ṣe ìwé owó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ wá ibi tí orúkọ ẹni tó tọ́jú yín wà. Ẹ lè bá orúkọ ọ̀gá tí ẹ ò fojú kàn rí níbẹ̀. Ẹ wo kóòdù iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó ní nọ́ńbà márùn-ún nínú. 90834 ni ìjókòó ẹnì kan tó gba ìṣẹ́jú 38 sí 52. 90837 ni èyí tó tó ìṣẹ́jú 53 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì ga. Bí ẹ bá jáde ní ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n wá kọ 90837, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Ní ti orúkọ ọ̀gá, inṣọ́ráǹsì kan lè gbà kí wọ́n fi orúkọ ọ̀gá béèrè owó iṣẹ́ Associate, òmíràn ka ìyẹn sí màgòmágó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí inṣọ́ráǹsì yín ti sọ èwo ni tiwọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá fẹ́ pe inṣọ́ráǹsì, ẹ ti kó nǹkan wọ̀nyí sọ́wọ́: káàdì yín, orúkọ agbaninímọ̀ràn náà ní kíkún, NPI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníṣẹ́ ìlera tó ní nọ́ńbà mẹ́wàá nínú, àti nọ́ńbà owó orí ilé iṣẹ́ náà. Ẹ má béèrè bóyá wọ́n gba ilé iṣẹ́ náà. Ẹ béèrè pé, "Ṣé ẹni yìí, ní àdírẹ́sì yìí, wà nínú ètò tèmi lónìí?" Ẹ béèrè iye tó kù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi àpò ara yín san kí wọ́n tó dá sí i, iye tí ẹ ó máa san ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, àti bóyá ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ẹ dárúkọ 90791, ìyẹn ìjókòó àkọ́kọ́, àti 90847, ìyẹn ti tọkọtaya tàbí ẹbí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, ọjọ́, àti nọ́ńbà ìpè náà sílẹ̀. Ẹ má gbára lé orúkọ tó wà lórí ìkànnì inṣọ́ráǹsì. Ẹ ó bá ẹni tó ti kó kúrò, ẹ ó bá fóònù tó ti kú, kò sì sẹ́ni tó ń tún un ṣe fún yín.

Èyí tí wọn kì í sọ fún tọkọtaya rèé: inṣọ́ráǹsì kì í sanwó fún ìgbéyàwó, aláìsàn ni wọ́n ń sanwó fún. Kí 90847 tó lè kọjá, ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìsàn nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ àìsàn. Bí wọ́n bá kọ Z63.0 nìkan, tó túmọ̀ sí aáwọ̀ láàárín tọkọtaya, wọ́n sábà máa ń kọ̀ ọ́. Ta ni nínú yín ló máa gbà kí wọ́n kọ orúkọ àìsàn sí òun lórí? Ẹ jọ sọ ọ́ nílé kí ẹ tó dé ibẹ̀, torí orúkọ yẹn kì í kúrò nínú fáìlì, ó sì lè yọjú lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá fẹ́ ra inṣọ́ráǹsì ẹ̀mí. Ẹ má sì gbà kí wọ́n kọ àìsàn tí kò sí lára ẹnikẹ́ni kí owó lè wọlé. Ìṣẹ́jú 50 ni 90847. Bí agbaninímọ̀ràn bá ní ìṣẹ́jú 90 lòun máa ń lò fún tọkọtaya, ẹ béèrè ẹni tó máa san ìyókù.

Bí inṣọ́ráǹsì bá kọ̀, ọjọ́ 180 lẹ ní láti pe ẹjọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má fi fóònù ṣe é. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ lè ní kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá máa fi owó ara yín san, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2022 ní kí wọ́n kọ iye tó máa ná yín sílẹ̀ fún yín ṣáájú. Bí owó tí wọ́n wá gbé wá bá fi 400 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ohun tí wọ́n kọ, ẹ lè fẹjọ́ sùn láàárín ọjọ́ 120. Ẹ gba superbill, ìyẹn ìwé tí ẹ ó fi béèrè owó padà lọ́wọ́ inṣọ́ráǹsì, lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ, láísẹ́ǹsì, NPI, ọjọ́, nọ́ńbà iṣẹ́, nọ́ńbà àìsàn àti iye owó pé sínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, inṣọ́ráǹsì á dá a padà. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ owó ìtanràn sí fún ẹni tí kò bá wá. Inṣọ́ráǹsì kì í san ìyẹn, wọn á sì ti gba nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tírélà ńkọ́? Bí ẹ bá ń rò ó pé Bàbá Ìbejì á máa wọlé lórí fóònù láti ojú ọ̀nà, ẹ dúró ná. Ibi tí aláìsàn bá jókòó sí lọ́jọ́ náà ni òfin ń wò. Agbaninímọ̀ràn tó ní láísẹ́ǹsì Texas nìkan kò lè tọ́jú rẹ̀ nígbà tó bá páàkì sí Louisiana. Kó páàkì sí Beaumont kó tó sọdá, tàbí kí ẹ mú ọjọ́ tó bá wà nílé. Kó má sì parọ́ ibi tó wà, wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìjókòó, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Òfin Texas sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn láti fi tó ìjọba létí bí wọ́n bá fura pé wọ́n ń ṣe ọmọdé léṣe. Ẹ bi agbaninímọ̀ràn yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí ni òun máa ń fi sùn, kí ni òun kì í fi sùn, kí ẹ tó máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nílé yín. Ẹ tún bi í nípa àṣírí: bí ọ̀kan nínú yín bá pè é lẹ́yìn, ṣé ó máa sọ fún ẹnì kejì? Kó dáhùn kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bí lílù bá sì wà nínú ìjà yìí, Ìyá Ìbejì, ẹ má bá Bàbá Ìbejì jókòó níwájú agbaninímọ̀ràn kan náà. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ lè di ìyà fún yín nílé. Ẹ pe 1-800-799-7233, ìlà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí wọ́n ń lù nílé, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni bá dà rú dé bi pé kò fẹ́ wà láàyè mọ́, 988 ni kí ẹ pè.

Ẹ béèrè nípa ọmọ Yorùbá. Ó dùn láti má ṣàlàyé ìdí tí ìyá ọkọ fi ń dá sí ọ̀rọ̀ ilé. Àmọ́ àwa Yorùbá ní Houston sábà máa ń mọ ara wa. Bí ẹ bá jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, òfin iṣẹ́ rẹ̀ gan-an lè má fẹ́ kó gbà yín. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè ṣe é dáadáa. Ẹ pè é lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 15, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó ìyẹn. Ẹ bi í pé, "Bí ọkọ bá ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù tí ìyàwó ń bínú, báwo lẹ ṣe ń bá wọn sọ ọ́?" Bó bá sáré ní kí ọkọ dá owó dúró, kò mọ ilé wa. Bó bá béèrè ẹni tí owó náà ń bọ́, àti ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ti jọ fẹnu kò lé lórí, ẹ tún bi í ní ìbéèrè míràn.

Nínú àwọn márùn-ún tí ẹ dárúkọ, LMFT obìnrin yẹn lèmi ì bá kọ́kọ́ pè, bí inṣọ́ráǹsì bá mọ̀ ọ́n ní àdírẹ́sì yẹn. Bí EOB àkọ́kọ́ bá dé, ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ yín àti nọ́ńbà káàdì, ẹ ya á, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ kà á.