Ẹ Bi Wá Léèrè: Gìrì ọmọdé, àti ohun tí kò yẹ ká rọ sí i lẹ́nu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gìrì mú ọmọ-ọmọ mi ní òru. Ọmọ ọdún 2 ni, ibà sì ti ń ṣe é láti àárọ̀. Àwọn ará ilé fẹ́ rọ àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n rà ní ọjà Bódè sí i lẹ́nu, mo ní kí wọ́n má rọ ọ́. Gìrì náà dá fúnra rẹ̀ ká tó rí ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé agídí mi ni yóò pa ọmọ náà lọ́jọ́ mìíràn. Kí ni kí n ṣe bó bá tún ṣẹlẹ̀? (Ìyá àgbà kan, Ọjọ́ọ̀)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ ò ṣe agídí o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gba ọmọ náà là lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láti oṣù 6 sí ọdún 5 ni gìrì tí ara gbígbóná ń fà máa ń mú ọmọ. Ojú á yí sókè, ara á le gbagidi, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, itọ́ á máa hó lẹ́nu, ọmọ ò sì ní gbọ́ bí wọ́n bá ń pè é. Kò sí òbí tí ẹ̀rù ò ní bà. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń dá fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìdí nìyí tí àgbo fi ń gba ọpẹ́ tí kò tọ́ sí i: gìrì tó ti fẹ́ dá ni wọ́n rọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú àgbo náà. Ewé tábà, áyù, efinrin, àlùbọ́sà àti omi ọsàn kíkan ni wọ́n sábà máa ń rẹ sínú ìtọ̀ màlúù. Oró tó wà nínú tábà lè mú kí èémí ọmọ rẹlẹ̀ títí tí yóò fi dá. Àgbo yìí tún máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tí ibà ń ṣe, tí kò jẹun láti àárọ̀, ṣúgà tirẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí kòkòrò ibà (malaria) gan-an máa ń jẹ ẹ́ run. Ṣúgà sì ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá tán pátápátá, ọmọ lè kú. Bí ó bá yè, ojú rẹ̀ lè fọ́, ó lè ṣaláì lè rìn tàbí sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn èèyàn á ní gìrì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n rọ sí i lẹ́nu ló ṣe é.

Kì í ṣe àgbo nìkan. Ọmọ tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí wọ́n bá rọ sí i lẹ́nu ń gbà lọ. Omi mímọ́ pàápàá lè fún un pa. Àdín burú ju omi lọ, torí pé epo kì í kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀rọ̀.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lórí ẹní, jìnnà sí iná àti ohun mímú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lélẹ̀, kí itọ́ tàbí èébì lè ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má sì ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu: eyín lè kán kó sì bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun, àti pé ìbẹ̀rù pé ọmọ yóò gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì kò ní ìdí. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ má fi ata sí i lójú. Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́. A ń sọ gbogbo èyí torí wọ́n ṣì ń ṣe é, ojú egbò iná sì lè wà lẹ́sẹ̀ ọmọ títí ayé.

Bó bá ti pé ìṣẹ́jú 5 tí kò dá, ọ̀nà ilé ìwòsàn yá, wọ́n ní oògùn tí wọ́n lè fi dá a dúró níbẹ̀. Bó bá dá kíákíá náà, ẹ ṣì gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó yẹ ká mọ ohun tó fa ibà náà. Ẹ má pọ̀n ọ́n lórí ọ̀kadà bí kò bá tíì jí dáadáa: orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n á lẹ̀ mọ́ àyà, èémí á dí. Ẹ gbé e lé itan, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, tí gìrì ti dá ṣùgbọ́n tí ọmọ ṣì ń ṣe wọ́ọ́wọ́ọ́, ẹ fi omi kán méjì tẹ ṣúgà ṣíbí kékeré kan, kí ẹ sì fi díẹ̀díẹ̀ sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ẹ má ṣe èyí nígbà tí gìrì bá ń lọ lọ́wọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún un ní àgbo kí ẹ tó dé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ nítorí ìtìjú. Bí wọ́n bá mọ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti èémí rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ bójú tó.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró rárá: gìrì tó mú ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, gìrì tó mú apá kan ara nìkan tàbí tó ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 24, ọrùn tó le, àwùjẹ̀ tó wú sókè, tàbí ọmọ tí kò jí padà lẹ́yìn tí gìrì ti dá. Ó lè jẹ́ pé ibà ti gun ọpọlọ, tàbí pé awọ tó bo ọpọlọ ti wú.

Ìbéèrè: Ṣé gìrì yóò di wárápá? Wọ́n sì ní kí n má fọwọ́ kan itọ́ tó ń hó lẹ́nu ọmọ mi. (Ìyá Bọ̀dé, Òkè-Àdó)

Ìdáhùn: Itọ́ náà kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ nù ún. Ìbẹ̀rù itọ́ yìí ń mú kí àwọn èèyàn sá fún ọmọ lásìkò tó nílò ọwọ́ jù lọ. Ní ti wárápá, bí gìrì ibà bá mú ọmọ 100, tó sì dá kíákíá láìsí wàhálà mìíràn, bíi 2 péré ni wárápá máa ń ṣe nígbà tó bá yá. Àmọ́ nínú ọmọ 3 tí gìrì ibà ti mú, ó tún máa ń mú bí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní tí ara ọmọ bá ti gbóná kí n fún un ní paracetamol ṣíbí kan. Ṣíbí wo? (Ìyàwó ilé kan, Mọ́níyà)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí pé ewu ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ "ṣíbí kan" yìí. Oríṣi paracetamol olómi méjì ló wọ́pọ̀ nílé ìtajà oògùn. Èyí tó wà nínú ìgò ńlá sábà máa ń ní 120 mg nínú 5 ml. Èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu sì sábà máa ń ní 100 mg nínú 1 ml ṣoṣo. Bí ẹ bá bu 5 ml nínú èyí kejì, 500 mg lẹ fún ọmọ yẹn.

Ìwọ̀n tó tọ́ ni 10 sí 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n. Ọmọ tó wọ̀n kílò 10, 100 sí 150 mg ni tirẹ̀: 5 ml nínú ti ìgò ńlá, tàbí 1 ml nínú ti kíkán. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí 6 kí ẹ tó tún un lò, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ láàárín wákàtí 24. Tó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ọmọ sì lè má fi hàn lọ́jọ́ kìíní. Ẹ lo ife ìdiwọ̀n tàbí síríńjì tó bá a wá, torí ṣíbí ilé ìdáná kò dọ́gba.

Ẹ mọ̀ pé paracetamol ń mú ara rọ ọmọ ni, kì í ṣèdíwọ́ fún gìrì, kì í sì í pa kòkòrò ibà. Ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára rẹ̀. Ẹ má lo omi yìnyín: ọmọ á máa gbọ̀n, ara á sì túbọ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín. Ẹ̀jẹ̀ kékeré láti orí ìka ni, èsì rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn ibà tó ní artemether àti lumefantrine, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni yóò lò ó ní ọjọ́ 3: ìkejì ní wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní epo díẹ̀ tàbí mílíìkì. Ọ̀pọ̀ òbí ń dá a dúró ní ọjọ́ kejì torí pé ọmọ ti ń ṣeré, ibà náà á sì padà wá.

Ìbéèrè: Ọmọ tuntun ọlọ́jọ́ 7 ládùúgbò wa kò lè mu ọyàn mọ́, ara rẹ̀ sì ń le bí a bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní gìrì ni. (Bàbá kan, Òjé)

Ìdáhùn: Ẹ gbé e lọ UCH ní Ìbàdàn tàbí ilé ìwòsàn ńlá mìíràn nísinsìnyí, kí ẹ tó ka ìyókù. Èyí jọ àrùn ipá (tetanus). Ojú ìwọ́ ni kòkòrò rẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé, nípasẹ̀ abẹ tó dọ̀tí tàbí ohun tí wọ́n fi kùn ún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ipá tí ìyá gbà nínú oyún ló ń dáàbò bo ọmọ. Lójú ìwọ́, ìpara chlorhexidine ti ìwọ́ nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ìgbẹ́ ẹran, eérú tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún.