Ṣé àfi kí n ṣe ìbọn àkànṣe?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìbọn ilé iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe ìdíje ìbọn yíyìn, àwọn kan wá ní àfi kí n lọ ṣe àkànṣe kí n tó lè gbégbá orókè. Ṣóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìbọn ilé iṣẹ́ tó dáa lóde òní máa ń kó ọta jọ sínú nǹkan bíi 29 mm ní mítà 100, ìyẹn 1 MOA (ìwọ̀n igun tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ọta ṣe fọ́n ká sí), ojú àmì ìdíje sì sábà máa ń tóbi jùyẹn lọ. Atẹ́gùn téèyàn ò kà dáadáa àti ìdúró tí ò balẹ̀ ló ń jẹ́ ká tàsé jù, kò síbọn olówó ńlá tó máa bá yín ka atẹ́gùn. Awò orí ìbọn tó dáa, ọta, ìdánrawò, ibẹ̀ ni kówó kọ́kọ́ lọ. Bárẹ̀ẹ̀lì, ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, náà tún máa ń jẹ o, ti ìbọn tó ń lo irú ọta tí wọ́n ń pè ní 6mm Creedmoor lè má ju nǹkan bí 2,000 ọta lọ tó fi máa bẹ̀rẹ̀ ségesège, ti ìbọn tó ń lo ọta .308 máa ń pẹ́ jùyẹn dáadáa, ibi tí àkànṣe ti wúlò gan-an sì nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ wọn lẹ lè tú bárẹ̀ẹ̀lì wọn nílé kẹ́ ẹ de tuntun sí i. Tó bá ti dá yín lójú pé ìbọn ló ń fa títàsé yín, ẹ lọ ṣe é.