Èsì: Kọ̀ǹpútà yín kò ní àléébù

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá kọ̀ǹpútà yín ti bàjẹ́, nítorí pé ìṣirò kan náà tí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, láti 0.2 àti láti 0.2000001, mú èsì tó yàtọ̀ pátápátá wá. Kò bàjẹ́ rárá. Ìṣirò 4x(1 − x) tí ẹ ń ṣe, tí ẹ sì ń dá èsì rẹ̀ padà sí ipò x, ni ó ń sọ ìyàtọ̀ kékeré di ńlá. Láti 0.2, ẹ ó rí 0.64, 0.9216, lẹ́yìn náà 0.28901376. Bí ẹ ṣe wá bẹ̀rẹ̀ ìkejì láti 0.2000001, ìyàtọ̀ àárín wọn ń di ìlọ́po méjì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí a bá fi ìpíndọ́gba wò ó, tí ó fi jẹ́ pé ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ 23, wọn kò ní bára mu mọ́.

Nọ́ńbà 4 yẹn ló fà á. Bí ẹ bá fi 2.8 rọ́pò rẹ̀, ibi yòówù kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín 0 àti 1, ẹ ó gúnlẹ̀ sí nǹkan bí 0.642857.

Irú ìyàtọ̀ kékeré tó ń di ńlá bẹ́ẹ̀ ni ó ya Edward Lorenz, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, lẹ́nu ní 1961, nígbà tí ó tẹ 0.506 dípò 0.506127 sínú kọ̀ǹpútà, tí ojú ọjọ́ tí ó ń ṣírò sì gba ọ̀nà mìíràn pátápátá. Kò sí èèṣì kankan nínú ìlànà náà, èyí ló sì wú mi lórí jù.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú sí i kí ìṣirò yín tó di èyí tí kò ṣeé gbára lé, ẹ fi kún iye dígíìtì tí kọ̀ǹpútà ń lò. Dígíìtì kan péré ń fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ kún un.