Èsì: Kí ló dé tí wọ́n fi ń ta ẹ̀rọ géèmù tuntun ní àdánù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè ìdí tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń ta ẹ̀rọ géèmù tuntun ní iye tí kò tó ohun tí wọ́n ná lé e, àti bóyá kí ẹ ra ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Ajílòsùn, l'Ádó.

Orí géèmù ni èrè wà. Géèmù tí ẹlòmíràn bá ṣe, ẹni tó ni ẹ̀rọ ń gba tirẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ẹ̀rọ ṣáà ti wọ ilé púpọ̀ ni wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n ó lè di wàhálà. Sony kó Blu-ray, ohun tó ń ka díìsìkì fíìmù, àti Cell, ọpọlọ ẹ̀rọ tó gbówó lórí, sínú PlayStation 3. Nígbà tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá 2006, $499 ni èyí tó kéré, $599 ni èkejì, síbẹ̀ wọ́n ń pàdánù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù ti Microsoft, sì ti wà lọ́jà láti 2005, $299 àti $399. Ní 2013, ó kan Microsoft: wọ́n so kámẹ́rà Kinect mọ́ Xbox One, ó di $499, PlayStation 4 sì jẹ́ $399. Irú ìpinnu yẹn máa ń dùn mí, torí oníbàárà ló ń sanwó ohun tí kò bèèrè.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má tíì rà á. Bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ tó ń wá lẹ́yìn ilé-ìwé ń gbá, PS4 sì ń gbé e dáadáa. Páàdì tí rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ tán ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.