Títà rọrùn, àtirà padà ni iṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé. Nígbà tí ọjà wó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin 2025, mo ra ṣíà 60 ti Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà, dọ́là 95 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti di 135 báyìí, ní ìparí oṣù karùn-ún 2025. Mo fẹ́ tà á kí n kó èrè, kí n sì rà á padà tó bá wálẹ̀ sí 120. Ṣùgbọ́n òfin ọgbọ̀n ọjọ́ ń bà mí lẹ́rù, owó iléèwé ọmọ mi náà ń bọ̀ lóṣù kẹjọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire. Òfin ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn kò kàn ọ́. Ẹni tó tà ní àdánù tó sì rà á padà láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ ló wà fún: kò ní lè fi àdánù náà dín owó orí rẹ̀ kù nígbà náà.

Owó orí ni kí o wò. Ṣíà tí kò bá tíì lé lọ́dún kan lọ́wọ́ rẹ, bí owó iṣẹ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń gba owó orí lórí èrè rẹ̀. Ká ní o wà ní ìpele 22 nínú ọgọ́rùn-ún: nínú èrè 2,400 dọ́là, 528 ti lọ. Texas kò gba tirẹ̀. 7,572 ló kù lọ́wọ́ rẹ. Kí owó yẹn tó lè ra ṣíà 60 padà, ṣíà kan gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí dọ́là 126 àti sẹ́ńtì 20.

Tí kò bá wá wálẹ̀ ńkọ́? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2023, nílé mi ní Bódìjà, mo ta ṣíà Nvidia 12 tí mo ní, ní nǹkan bí 300 dọ́là. Ọkàn mi balẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, mo ń tẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, fóònù dún: ilé iṣẹ́ náà ti kéde èrè rẹ̀. Omi gbígbóná tutù níwájú mi níbi tí mo ti ń wò ó bó ṣe ń gòkè. Lọ́jọ́ kejì, 379 ló parí sí. Mo ní n óò dúró kó padà sí 290. Kò padà. Lóṣù kẹfà 2024, wọ́n pín ṣíà kan sí mẹ́wàá. 12 mi ì bá ti di 120.

Mi ò ní kí o má tà o. Ó máa ń já: ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2025, nígbà tí ìròyìn DeepSeek, AI ilẹ̀ Ṣáínà, gbòde, láti 142 ló já sí 118 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ máa ń gbọ̀n. Ẹni tó ti fi limit order (àṣẹ pé kí wọ́n bá a rà á tó bá ti wálẹ̀ sí iye tó dá) sílẹ̀ ní 120 kò nílò ìgboyà kankan, wọ́n ti bá a rà á.

Nítorí náà, ta 20 fún owó iléèwé, má sì dá owó yẹn padà sọ́jà. Fi 25 sílẹ̀ kó lé lọ́dún kan, owó orí rẹ̀ lè wálẹ̀ sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. 15 tó kù ni kí o fi ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ: tà á, yọ owó orí sọ́tọ̀, kí o sì fi limit order sílẹ̀ ní 120 lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá di ìparí oṣù kẹsàn-án tí kò tíì dé ibẹ̀, fi owó náà ra iye tó bá lè rà, bí ṣíà rẹ tilẹ̀ dín ní ẹyọ kan tàbí méjì. Ohun tó yẹ kí n ṣe ní 379 nìyẹn.